Omi Òkun Inú Pálọ̀

Àǹtí wa,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Màámi ń kí yín. Oògùn orúnkún tí ẹ fi ránṣẹ́ ti ń bá wọn lára mu.

Àbúrò yín ni ò jẹ́ kọ́kàn mi balẹ̀. Látìgbà tí dókítà ti ní kò gbọ́dọ̀ wọkọ̀ òkun lọ síbi iṣẹ́ mọ́, ó gbé àpótí dígí ńlá sí pálọ̀, ó lẹ́ja òkun lòun fẹ́ sìn níbẹ̀. Mo fún un níyọ̀ ìdáná, ó ní, “Ṣé ọbẹ̀ la fẹ́ sè ni?” Iyọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni. Á pò ó mọ́mi nínú ike, á ki ìwọ̀n iyọ̀ bọ̀ ọ́, á ní iyọ̀ rẹ̀ kò tíì tó, á dà á nù, á tún bẹ̀rẹ̀.

Àná ni mo yọjú wo ìwọ̀n náà fúnra mi. Iyọ̀ omi náà ti tó. Ó ṣì dà á nù. Mo bi í pé kí ló dé, ó ní, “Tó bá tó, kí ni màá tún máa ṣe?”

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá pè é, ẹ má bi í nípa àìsàn. Ẹ ní kó sọ irú ẹja tó fẹ́ rà fún yín. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn burúkú yín.

Ó ti tún ṣí ẹ̀rọ omi báyìí.

Èmi ìyàwó yín