Bátìrì Pupa Tó Ń Gbèjà Bàbá Rẹ

Àkọ́bí mi, adúmáadán ọmọ,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ọkọ rẹ le? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ilé tí kò ní ìlẹ̀kùn yóò máa ṣọ́ tiyín. Àwa náà wà, a dúpẹ́, àárẹ̀ ni kò jẹ́ kí n tètè kọ̀wé. Tí mo bá mú bíírò báyìí, oorun ló máa ń gbà á lọ́wọ́ mi.

A rí àwọn bátìrì tí o fi rán awakọ̀ sí wa, méjì pupa, méjì aláwọ̀ ewé, méjì dúdú, pẹ̀lú ṣájà tí wọ́n ń tẹ́ wọn sí bí ọmọ ìkókó. O ní kí bàbá rẹ máa fi wọ́n sínú ẹ̀rọ ìgbọ́ran tó máa ń wà lápò ẹ̀wù wọn, tí okùn rẹ̀ wọ etí wọn, kí á wo èyí tó dára jù. Mo rí i pé wọ́n kọ 1.2 sára gbogbo wọn, mo wá sọ fún bàbá rẹ pé ọmọ ọdún kan àti oṣù méjì ni wọ́n, kí wọ́n rọra lò wọ́n, ara wọn ò tíì gbó. Pupa la fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ló ń dán jù.

Ọmọ mi, ojú mi rí nǹkan. Tí mo bá rọra sọ̀rọ̀, bàbá rẹ á gbọ́ kedere. Mo ń sọ fún àbúrò mi ní ilé ìdáná, wúyẹ́wúyẹ́, pé híhanrun bàbá rẹ ò jẹ́ kí n sùn, wọ́n dáhùn láti pálọ̀ pé àwọn kì í hanrun. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti gbóhùn sókè pẹ́nrẹ́n, ẹ̀rọ á kú. Ọjọ́ tí òjò ṣú, mo wà ní balùwẹ̀, ọṣẹ wà lójú mi, bẹ́ẹ̀ ni tìmùtìmù wa wà níta níbi tí mo sá a sí. Mo pariwo pé kí wọ́n gbé e wọlé, mo pariwo títí ọ̀fun mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Ìgbà tí mo fi jáde, tìmùtìmù ti mu omi yó, bàbá rẹ jókòó sí pálọ̀, wọ́n ń fi ìka ta ẹ̀rọ, wọ́n ní ṣé mo pè wọ́n ni. Mo kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, n ò ní agbára ìjà mọ́. Mo ní bátìrì pupa yìí, ẹ̀yìn bàbá rẹ ló wà.

Àbúrò mi ló ní ká lọ bá aláago, ọkùnrin tó ń tún aago àti rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọṣọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, aago kún ara ògiri, kò sì sí méjì tó sọ ohun kan náà. Ó mú mítà kékeré kan tó ní okùn pupa àti okùn dúdú, ó fi kan àwọn bátìrì náà lọ́kọ̀ọ̀kan, iye kan náà ni gbogbo wọn gbé jáde. Mo ní kí ló wá dé? Ó ní kí n fara balẹ̀, pé òun ò tíì bẹ̀ wọ́n níṣẹ́. Ó wá so gílóòbù tọ́ọ̀ṣì mọ́ wọn. Iye ti pupa lórí mítà já wálẹ̀ lójú mi, gílóòbù pọ́n bí ojú ẹni tí ò sùn. Ti aláwọ̀ ewé wálẹ̀ díẹ̀. Dúdú tó rí bí ẹni tí ò jẹun kánú, òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira rárá. Aláago ní gbogbo wọn ló kún, àmọ́ ìdènà pọ̀ nínú pupa, iná rẹ̀ kì í rọ́nà jáde tí iṣẹ́ bá ti wúwo. Ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ò gba iná púpọ̀, ariwo ló ń gbà á. Mo ní ṣé inú rẹ̀ ló dí, ṣé kí n fún un ní omi gbígbóná àti iyọ̀. Ó ní n ò gbọdọ̀ fomi kàn án. Mo ṣì rò pé ó yẹ ká dán an wò.

A fi dúdú sínú ẹ̀rọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ fi ariwo sọ nípa tìmùtìmù ni mo ti tò sílẹ̀ lọ́kàn mi. Nígbà tí a délé, mo ní kí n kọ́kọ́ gbá ẹ̀yìnkùlé, ni ikọ́ mi bá tún gbéra. Ibẹ̀ ni mo wà tí bàbá rẹ fi jáde wá, wọ́n di ẹ̀rọ mú láyà, wọ́n ní ta ló ń wúkọ́ báyìí. Mo ní èmi ni. Wọ́n ní láti ìgbà wo. Mo ní láti ìgbà òjò àkọ́kọ́. Wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi. Wọn ò mọ ilẹ̀ gbá o, ṣe ni wọ́n ń kó ewé láti ibí dé ọ̀hún, ṣùgbọ́n mo jókòó sórí àpótí, mo ń wò wọ́n. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo tò, mo fi sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n bá mi lọ sọ́sípítù. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ò fẹ́ jí ọmọ, bàbá rẹ ló ń gbọ́ ọ, tí wọ́n ń tún un sọ fún mi. Ó ní èéfín ilé ìdáná àti àárẹ̀ ló fa ikọ́ náà, kí n lo oògùn, kí n sinmi. Bàbá rẹ fi kún un pé kí n dín ariwo kù, ṣùgbọ́n mo wo ẹnu nọ́ọ̀sì, kò sọ bẹ́ẹ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn tó kù àti tìmùtìmù, torí eléyìí ti ń rùn. Tí o bá tún fẹ́ ra bátìrì, dúdú ni kí o rà, má wo dídán. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí àárẹ̀ mú ọ bó ṣe mú mi. Kò ní di ìgbà tí o bá pariwo kí ará ilé rẹ tó gbọ́ ọ.

Èmi ni, ìyá rẹ.