Ikọ̀ Kì í Bojú Wẹ̀yìn

Bàbá mi, olówó orí ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu pé ìwé ni mo fi ń bá yín sọ̀rọ̀. Àwọn Sàró, àwọn ọmọ wa tó ti oko ẹrú padà dé, tí mò ń bá ná ọjà l'Ékòó ló kọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ gbà pé ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, àrokò là á fi dì í, mo mọ̀ pé ẹ ó yínmú sí i. Ẹ yínmú, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ mi.

Ohun kan tilẹ̀ ń rú mi lójú kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí Àjíkẹ́, ìyàwó ọmọ mi, bí lẹ́yìn ìsìnkú yín, ọkùnrin ni, a sì sọ ọ́ ní Babátúndé. Àmì dúdú tó wà létí yín ọ̀tún wà létí tirẹ̀ náà. Bí ẹ bá ti padà wá, ta wá ni mò ń kọ̀wé sí? Mo bi ọmọ náà léèrè, ó tọ̀ sí mi lára. Kò burú. Màá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ìlú ò rọgbọ, Bàbá. Ìlú tí Àjíkẹ́ ti wá, ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa, ẹ̀yin lẹ lọ parí ìjà ibẹ̀ nígbà yẹn, tí ẹ sì ti ibẹ̀ mú ìyàwó bọ̀ fún Àlàó ọmọ mi. N kò ní dárúkọ ìlú náà sínú ìwé yìí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí á ṣí ọ̀nà ọ̀sà sílẹ̀ fún àwọn, kí àwọn lè máa lọ ra ìbọn àti ẹ̀tù fúnra àwọn. Awùjalẹ̀ ọba wa ní kò ṣeé ṣe láyé, ọjà bodè ni ẹrù wọn ń dúró sí, ibẹ̀ náà ni yóò máa dúró. Látìgbà náà ni ikọ̀ ti ń lọ tí ikọ̀ ń bọ̀, tòun tobì tòun toyin. Ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni àwọn alágbẹ̀dẹ ò sinmi. Àwa ń rán oníṣòwò tí òwò nìkan kọ́ ló gbé wọn lọ, àwọn náà ń rán tiwọn wá. A jọ ń kí ara wa lọ́jà.

Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń lọ síṣẹ́ ikọ̀ ọba. Ẹ ó fi omi tútù fọ ẹnu, ẹ ó gbé àpò aláwọ yín kọ́ èjìká, ẹ ó gba bodè jáde, ẹ kì í wẹ̀yìn. Ẹ ní ikọ̀ tó bá bojú wẹ̀yìn, ọkàn rẹ̀ ti pín sí méjì nìyẹn, ẹni tó ń lọ bá yóò sì rí i lójú rẹ̀. Ìyá mi gbà bẹ́ẹ̀. Èmi ò gbà. Mo máa ń dúró lẹ́bàá igi ìyeyè tó wà níbodè, n ó máa wò yín títí ẹ ó fi yà sẹ́yìn igbó ọparun, pé bóyá lónìí ẹ ó wò mí lẹ́ẹ̀kan. N kò rí i rí. Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, mo ti di ìyá ọkọ, ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin oníṣòwò kan yà sílé wa, ó fi àrokò lé Àjíkẹ́ lọ́wọ́, ó ní láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Àgékù ẹní ni, wọ́n so ìyẹ́ ẹyẹ mọ́ ọn. Ìtumọ̀ èyí ò ṣòro: àìsàn ti dá ìyá dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kí ọmọ fò wá. Àjíkẹ́ bú sẹ́kún. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, nítorí obìnrin náà lawọ́, ó sì mọ ènìyàn yẹ́ sí. Mo ní kó máa di ẹrù rẹ̀, pé mò ń lọ sí Ìmùṣin lọ ra ẹja àrọ̀ gbígbẹ tí yóò mú lọ fún un.

Ní ọjà Ìmùṣin, mo bá aláró kan, ọmọ ìlú kan náà pẹ̀lú Àjíkẹ́ tó wà nílé ọkọ níbẹ̀, ó ń sunkún lórí ìkòkò aró. Ìyá tirẹ̀ náà ń ṣàìsàn. Àgékù ẹní dé, ìyẹ́ dé. Mo bá a kẹ́dùn, mo kọjá. N kò tíì ra ẹja tí mo fi bá òmíràn pàdé, ọmọ ìlú wọn kan náà, ìyàwó ilé ní Ayépé ni òun, ó ń ta ọjà rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kó lè tètè lọ. Ìyá rẹ̀ wà lórí ẹní. Ni mo bá dúró. Irú àìsàn wo ló ń yan kìkì ìyá àwọn tó lọ́mọ nílé ọkọ ní Ìjẹ̀bú?

Mo padà sọ́dọ̀ aláró, mo tọrọ àgékù tirẹ̀, mo ní mo fẹ́ fi han ìyàwó mi nílé. Nígbà tí mo délé, mo tẹ́ méjèèjì sílẹ̀, mo fi etí ọ̀kan kan etí èkejì. Bàbá, wọ́n bára mu. Ìlà pupa inú ọ̀kan wọ inú èkejì lọ tààrà. Ẹní kan náà ni wọ́n gé, tuntun ni, òórùn koríko ṣì wà lára rẹ̀. Kò sí aláìsàn tó sùn lé e rí. Ìyá kọ́ ló ránṣẹ́, ààfin ni. Wọ́n ń kó àwọn ọmọ wọn obìnrin kúrò láàárín wa, ìlú kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ àfi tí ogun bá ti pọ́n tán. Kí ló ná wọn láti gé ẹní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀? Ìwà ahun ló tú wọn fó.

Bí mo bá dákẹ́, ogun á ká wa mọ́ oko, Àlàó tó ń dáko ní Ijagun á sì wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ kú. Bí mo bá sọ̀rọ̀, Àjíkẹ́ di ọmọ ọ̀tá lọ́wọ́ wa. Wọ́n á mú un mọ́lẹ̀, ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń fi irú wọn ṣe lọ́jọ́ tí òkú àkọ́kọ́ bá ti ojú ogun dé. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá, ó ń rẹ Babátúndé lẹ́kún, ó ń ká aṣọ. Ọwọ́ mi ni mo fi gbẹ̀bí rẹ̀. Ṣé ọ̀tá nìyẹn? Kí lẹ̀yin ì bá ṣe, Bàbá? Ìgbà tí mo fẹ́ ohùn yín jù nìyẹn, ẹ sì dákẹ́.

Mo lọ. Ọ̀rẹ́ yín tó máa ń bá yín rìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń tiro, ti di àgbà láàárín àwọn Òṣùgbó tó ń bá ọba ṣèlú báyìí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni mo kó àgékù méjèèjì lọ. Ó so wọ́n pọ̀, ojú rẹ̀ yí padà, ó ránṣẹ́ pe àwọn yòókù. Olórí ogun kan ní kí wọ́n ti bodè lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n mú gbogbo ìyàwó tó ti ìlú náà wá. Mo kúnlẹ̀. Mo ní wọ́n ti ránṣẹ́ sí wa, bí wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé àwa ni yóò kà á. Iṣẹ́ tó bá ti dé, ìdáhùn kàn án. Ẹni tó bá gbé ìdáhùn ọba lọ́wọ́, ikọ̀ ni, ta ló ń fọwọ́ kan ikọ̀? Ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin yìí gbé e lọ. Olórí ogun náà ṣe ṣùtì, ó ní ọ̀rọ̀ obìnrin. Ọ̀rẹ́ yín kó àgékù méjèèjì, ó dìde láti lọ sí ààfin.

“Ẹnu bàbá ẹ ni mo gbọ́ yẹn,” ló wí.

Ọ̀rọ̀ náà dé ààfin. Awùjalẹ̀ ní kí wọ́n gba àgékù tó wà lọ́wọ́ àwọn obìnrin tó kù, kí wọ́n fi òwú funfun rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ẹní, kí wọ́n so owó ẹyọ méjì tó kọjú síra mọ́ àárín rẹ̀. Ẹ̀yin ti gbọ́ ọ: a ti rí ohun tí ẹ ń ṣe, ẹní yín rèé, ẹ wá ká jọ jókòó lé e. Síbẹ̀, wọ́n kó àwọn àgbẹ̀ kúrò ní oko, wọ́n sì kó ìbọn lọ sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ọba ò fi gbogbo ara lé ẹní.

Àjíkẹ́ ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn obìnrin náà. Mo tú àṣírí àgékù ẹní náà fún un, mo sì gbé àpò aláwọ yín fún un. Mo kọ́ ọ ní gbogbo ohun tí ẹ kọ́ mi: kó má jẹun nílùú wọn títí yóò fi jíṣẹ́, kó má dáhùn ju ohun tí wọ́n rán an lọ, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ, kó má bojú wẹ̀yìn. Ó bi mí pé, “Bí wọ́n bá wá kọ ẹní náà ńkọ́, Ìyá?” Mo bu omi fún un pé kó fọ ẹnu.

Àlàó ti Ijagun dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ìyàwó òun lè lọ, ṣùgbọ́n ọmọ ò lọ, ọmọ ọkọ ni ọmọ. Òótọ́ ló sọ. Mo bi í pé kí ni n ó máa fún ọmọ tí ò tíì léyín, ṣé ìkọ́kọrẹ́ ni? Ó kọjú sí ògiri, ó sunkún. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú, ó gbé ẹrù ìyàwó rẹ̀ rù, ó sìn ín débodè.

Oníbodè rí ọ̀pá àṣẹ tí ọba fún Àjíkẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn ológun sọ ẹnu ìbọn sílẹ̀. Àjíkẹ́ ń lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ nàró, àwọn obìnrin yòókù tẹ̀ lé e. Kò wẹ̀yìn, kò tiẹ̀ yí ọrùn. Inú mi dùn sí i, ó tún bà jẹ́. Mo wà lẹ́bàá igi ìyeyè wa, èmi àgbàlagbà, mo tún ń retí ojú ẹni tó ń lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó pọ̀n sẹ́yìn ò sí níbẹ̀ nígbà tí mò ń kọ́ ìyá rẹ̀. Babátúndé fi orí ti ọ̀já, ó yọ ojú síta, ó yíjú padà, ó ń wò mí. Títí wọ́n fi yà sẹ́yìn igbó ọparun, kò gbé ojú kúrò lára mi.

Látìgbà náà, bodè wà ní títì, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ jíṣẹ́ náà dáadáa, Bàbá mi, kí ẹ sì mú Àjíkẹ́ ìyá yín bọ̀ wá fún mi. N kò bínú mọ́. Ẹ ti wẹ̀yìn.

Èmi ni,
ọmọ yín tó wà lẹ́bàá igi ìyeyè.