Orúnkún Tí Kò Ṣeé Ká Mọ́

Ẹ kú ilé o, Yéyé mi, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín nínú ìwé yìí, torí inú ìwé nìkan ni mo ti lè kúnlẹ̀ báyìí. Mo kí Bàbá, mo kí ẹ̀gbọ́n mi lóko kòkó.

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí, lẹ́yìnkùlé ilé tí mo háyà yàrá sí ní Òkè-Fìà, nìyí: garawa mi tó dojú dé, omi tó ń ṣàn lọ sídìí ògiri, bàtà mi ẹsẹ̀ kan, àti Ìyá Àgbà, ìyá tó bí onílé wa, lórí ìkúnlẹ̀ níwájú mi nínú ẹrẹ̀.

Yéyé, láti ìgbà òjò ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún yín. Mo yọ̀ ṣubú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà. Dókítà ní màá máa fi ẹsẹ̀ náà rìn, ṣùgbọ́n orúnkún ọ̀tún kò ní ṣeé ká dáadáa mọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ ó ní kí n máa bọ̀ nílé, ojú sì ń tì mí. Ọlọ́run nìkan ni mò ń bẹ̀, pé kó wò mí sàn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Àmọ́ ará ilé rí i pé òòró ni mò ń kí àgbà. Ìyá Àgbà ní ìwé ti gùn mí lórí. Ó ní àwọn bàbá wa òṣómàáló, tó ń ta aṣọ láwìn, a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kí ló wá dé tí ọmọ wọn gan bí òpó? Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni onílé ní kí n kó ẹrù mi tí oṣù bá parí, òun kì í gba aláfojúdi sílé.

Láàárọ̀ yìí, nínú ọyẹ́, mo bá Ìyá Àgbà nídìí omi. Mo ní màá kúnlẹ̀, bó ti wù kó dùn mí tó. Mo ṣubú lulẹ̀ gbì, omi garawa mi sì ta sí i lára. Ó kọ́kọ́ bi mí bóyá mo fẹ́ wẹ òun ni. Nígbà tó rí omijé mi, òun ló kúnlẹ̀. Ó rí orúnkún tó wú, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní subuhanallahi, ṣé ẹnu mi náà gan ni? Ó fi ìborùn rẹ̀ nu ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi, ó sì pariwo pe onílé ọmọ rẹ̀ pé mi ò kó lọ síbì kankan.

Mo rántí Olúwa wa tó bẹ̀rẹ̀ wẹ ẹsẹ̀ àwọn tó ń pè É ní Ọ̀gá. Agbára orúnkún ni mò ń tọrọ. Agbára láti sọ pé ó ń dùn mí ni mo rí gbà. Mo sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó fún mi ní àpótí ìjókòó, àwọn ọmọ kíláàsì mi sì ń du ẹni tí yóò gbé e. Orúnkún ṣì ń ro mí, mi ò ní purọ́, àmọ́ ara mi fúyẹ́.

Ẹ má ní kí n máa bọ̀. Kí Olúwa jẹ́ kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́, kí kòkó so wọ̀ǹtìwọnti. Ẹ bá mi kí gbogbo ìjọ. Ìyá Àgbà ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ òṣómàáló tí òun sọ jin òun.

Mo jókòó gbàdúrà tán. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ mi lórí ìrọ̀rí tí Ìyá Àgbà gbé wá. Ibẹ̀ ni mo ti parí ìwé yìí.

Ọmọ yín tí kò fi nǹkan pa mọ́ fún yín mọ́,
Fọlákẹ́