Òkú Tí Kò Dìde Kí Òǹwòran

Ìyá àwọn ọmọ mi,

Yáa tújú ká, ọkọ ẹ ti di òṣèré! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tíátà tí mò ń gbálẹ̀ fún fi mí ṣe òkú nínú eré tuntun tí wọ́n gbé lọ síbi àjọ̀dún eré. Nígbà ìdánrawò, wọ́n ní, "Bàbá, ṣé òkú máa ń wúkọ́ ni?" Mo ní òtútù ibojì ni.

Lọ́jọ́ eré, mi ò wúkọ́ rárá. Àmọ́ nígbà tó yẹ kí gbogbo wa dìde kí òǹwòran, ẹsẹ̀ mi kọ̀. Wọ́n gbé mi kúrò lórí ìtàgé, èrò ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni.

Bẹ́ẹ̀dì ọsibítù yìí rọ̀ jù, òun ló jẹ́ kí ìkọ̀wé mi wọ́. Dókítà ò fẹ́ kí n lọ. Ó fẹ́ràn àpárá mi.

Kí àwọn ọmọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí àga mi.

Èmi ọkọ ẹ, òkú tó mọṣẹ́.