Orin Bàbá Olóhùn-Iyọ̀

Àbúrò mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá kí ọ. Orúnkún wọn ti ń gbọ́ oògùn. Òrùlé tó ń jò, a ti tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé rèé. O mọ̀ pé níléèwé wa, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní àkòrí tirẹ̀, orin tí mo bá kọ́ àwọn ọmọ gbọ́dọ̀ bá a mu. Lọ́sẹ̀ Òjò, a fi ìka lu tábìlì. Lọ́sẹ̀ Ẹbí, mo ní kí kálukú kọ orin tó gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀.

Ó kan Olóhùn-Iyọ̀, ọmọ rẹ. Ó dìde, ó fi ẹnu dún bí fóònù mi ṣe máa ń dún tó o bá pè. Ó ní, “Orin bàbá mi nìyẹn.” Àwọn ọmọ pàtẹ́wọ́. Èmi kọjú sí pátákó, mò ń nu ohun tí n kò kọ.

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ò jẹ́ kó o rímú mí. Ṣùgbọ́n tó o bá pè, jọ̀wọ́, kọrin fún un. Ohùn rẹ ò dùn, gbogbo wa la mọ̀. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run á mú ọ bọ̀ láyọ̀. Tí mo bá sì pẹ́ kí n tó gbé fóònù, má bínú: ọmọ rẹ ló ní kí n jẹ́ kí orin bàbá òun parí ná.

Èmi ni, ẹ̀gbọ́n rẹ.