Bàbá Tó Di Adìẹ Nítorí Ẹsẹ̀ Jímọ̀

Ẹ̀yin àna, ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ̀yin tí Bàbá tún apá tàbí ẹsẹ̀ yín ṣe, ẹ fara balẹ̀. Àwa ọmọ la fẹ́ ròyìn ẹni tí a gbé síwájú yín yìí.

Agbájà, lórí òkè ilẹ̀ Oworo, ni a ti bí olóògbé Bàbá Pius Mákánjúọlá Bámiṣayé, ní ọdún àrùn lúkúlúkú, èyí tí àwọn akọ̀wé ń pè ní 1918. Bàbá wọn ni Òjó, àgbẹ̀ àti ato-eegun. Ìyá wọn ni Àmínát, tí í pe ènìyàn láti orí òkè, tí ẹni tó wà létí Odò Ọya á sì dáhùn. Wọ́n ní bí Bàbá ṣe délé ayé, ọrùn ọwọ́ agbẹ̀bí ni wọ́n kọ́kọ́ dì mú, ibi tó ti ń ro ó tipẹ́ sì jinná.

Ní 1928, wọ́n wọ iléèwé àwọn fáda. Wọ́n kà á dé kíláàsì kejì, wọ́n gba orúkọ Pius, ó tán. Ìgbàgbọ́ yẹn kò kúrò lára wọn. Wọn kì í fọwọ́ kan eegun láìṣe àmì àgbélébùú.

Ní 1943, wọ́n fẹ́ Màmá Martha, ọmọ Kàbà. Ẹsẹ̀ tó rọ́ ló mú Màmá wá. Ẹsẹ̀ jinná tán, Màmá kò mọ ọ̀nà ilé mọ́.

1967 ni Bàbá kó wa wá sí àdúgbò Crusher ní Lọ́kọ́jà. Òórùn òrí gbígbóná tí Bàbá fi ń wọ́ aláìsàn láàárọ̀ ìgbà yẹn ṣì wà nímú wa. Ebira, Ígálà, Núpé, Haúsá, kálukú ń fi èdè tirẹ̀ ké, Bàbá á ní "Ó ti tán," nígbà tí wọn kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí eegun rẹ̀ bá yọ síta, Bàbá á ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́síbítù. Fún àwọn yòókù, Bàbá á ṣẹ́ ẹsẹ̀ adìẹ kan, wọ́n á fi oparun àti aṣọ di ti adìẹ bí ti aláìsàn. Ọjọ́ tí adìẹ bá rìn, aláìsàn á dìde.

Ní 1978, ìdì iṣu wó lu Jímọ̀, aláàárù etí odò, ojúgun rẹ̀ sì dá, wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ Bàbá. Ẹsẹ̀ yẹn ni oúnjẹ òun àti ìyá rẹ̀. Adìẹ rẹ̀ ti ń tẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí àlejò dé láti Kàbà. Màmá ní kí Salome àbúrò wọn, tó bá àlejò wá, mú adìẹ kan. Salome sì mú èyí tí kò lè sáré. Ó rò pé aṣọ tí wọ́n fi ń sàmì sí adìẹ, kí aládùúgbò má bàa gbé e, ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Aláìsàn là ń kẹ́, wọ́n bu ẹsẹ̀ fún Jímọ̀. Ó ti jẹ ẹ́ dé eegun kó tó rí kókó ibi tó ti so pọ̀.

"Bàbá, ẹsẹ̀ mi lẹ ní kí n jẹ yìí."

Ó kọjú sí ògiri. Bàbá mú adìẹ mìíràn wá, Jímọ̀ ní ẹsẹ̀ òun ti wọ ìkòkò, kí wọ́n gbé òun lọ bá ìyá òun. Ó sunkún títí àwọn apẹja fi ní odò kún sí i.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá fi oparun di ojúgun ara wọn, wọ́n ń tiro wọlé tọ̀ ọ́.

"Jímọ̀, èmi ni adìẹ rẹ báyìí. Kí Salome wá sè mí, mo wà níbí."

Wọ́n tiro lọ já ewé ní Felele, wọ́n tiro lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Crusher rẹ́rìn-ín débi pé páànù orí ilé ń jó. Láti ojú fèrèsé, Jímọ̀ á máa kìlọ̀ pé kí Bàbá rọra, kí wọ́n má tíì tẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá tú oparun, wọ́n rìn dé Paparanda. Nígbà tí wọ́n padà dé, Jímọ̀ ló wà lórí ìdúró lẹ́nu ọ̀nà.

Láti ìgbà yẹn ni Bàbá ti ń tiro díẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀. Ìró ẹsẹ̀ yẹn nírọ̀lẹ́ la fi ń mọ̀ pé oúnjẹ ti yá.

Bàbá papò dà ní oṣù kẹwàá 1991, lẹ́yìn tí Lọ́kọ́jà di olú ìlú Kogi. Ó dùn wọ́n pé mọ́tò á pọ̀, eegun á máa ṣẹ́, àwọn ò sì ní sí níbẹ̀. Wọ́n fi Màmá Martha sáyé, àti Bámidélé, Títílayọ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní wọ́ọ̀dù eléegun, Patricia, Oyèníyì, àti ọmọ-ọmọ tí bọ́ọ̀sì kan kò lè kó.

Jímọ̀ ló di igun iwájú pósí mú lónìí. Ẹ sùn un re, Bàbá. Ẹsẹ̀ tí ẹ tò ló ń gbé yín relé.