Géètì Tí Mo Tì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrọ̀lẹ́

Bàbá Sẹ́kínà, ọkọ mi, ó di ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta lónìí tí ẹ ti lọ.

Opó mi, oṣù mẹ́rin ó lé ọjọ́ mẹ́wàá, kò tíì pé. Láti ìgbà tí àwọn tó wá kí mi ti lọ tán ni mo ti ti géètì. Mo rò pé bó ṣe yẹ kí ilé opó rí nìyẹn.

Lọ́sàn-án, mo gbọ́ ohùn níta. Mo yọjú lójú fèrèsé. Ọkùnrin méjì ń fi téèpù wọn ògiri wa, ẹ̀kẹta ń fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sí i. Mo pariwo, "Ta nìyẹn?" Wọn ò tilẹ̀ yára. Wọ́n rọra wọ ọkọ̀ wọn, wọ́n lọ.

Máàmé Ẹ́sì tó ń gbé òdìkejì ló wá kan géètì.

"Aó! Ìyá Sẹ́kínà, ẹ wà níbẹ̀? Wọ́n bi mí lánàá bóyá ẹnikẹ́ni ṣì ń gbébẹ̀. Mo ní ẹ ti padà sí Lágọ́sì Táùn, ládùúgbò àwọn Yorùbá yín."

Láti ìta, ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri sí mi létí: ilẹ̀ ẹbí àwọn ni, ẹni tó tà á fún wa kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo ti yẹ ìwé ilé wò lẹ́ẹ̀mẹta. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ nínú gbogbo ẹbí wọn.

Nítorí pé àdúgbò yìí dákẹ́ lẹ ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ó dákẹ́ lónìí náà. Kò sẹ́ni tó jáde sí wọn.

Láràárọ̀ lẹ máa ń gbé àga yín sẹ́nu géètì, tí ẹ ó máa kí ẹni tó ń kọjá. Mi ò lè jókòó síbẹ̀ títí opó mi yóò fi pé. Ṣùgbọ́n láti ọ̀la, n óò máa ṣí géètì, n óò sì máa gbé àga náà síbẹ̀.